Mẹ́mòrì Tí Kọ̀ǹpútà Ò Rí

Fọláhàn fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí, ó tún ní kí n má wulẹ̀ fi orúkọ mìíràn bo òun láṣìírí. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Ta ló kù tí ò tíì gbọ́?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bó ṣe rí gan-an ni mo máa sọ ọ́, n ò ní fi ṣúgà sí i.

Ayé ológun là ń wí. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ti gbo ìlú jìgìjìgì. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ èéfín ní Ìkẹjà lóṣù yìí, bó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, àgádágodo lẹ máa bá lẹ́nu géètì ẹ̀. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, àdúrà ló fi ń dì í mú.

Fọláhàn níṣẹ́ ní tiẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páálí ló wà, lọ́nà Ọgbà, lọ́dọ̀ Olóyè Olúgbénró, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ojú ẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan ìní ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà ní, Fọláhàn ló ń bójú tó o. Owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe radaràda. Bí wọ́n bá gbé owó oṣù lé e lọ́wọ́, á gan pa.

"Kọ̀ǹpútà lo ní kí n rà àbí òkú màlúù?" Olóyè jágbe mọ́ ọn.

"Mẹ́mòrì ẹ̀ ló kéré, sà."

Mẹ́mòrì ni nǹkan pẹlẹbẹ kan báyìí, ó gùn tó ìka méjì, ó léyín wínníwínní nísàlẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀, òun ló ń jẹ́ kó lè rántí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá kéré, kọ̀ǹpútà á máa ṣe bí arúgbó tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú. Olóyè ráhùn títí, nígbà tó yá, ó ní kí Fọláhàn lọ rà á.

Ọ̀dọ̀ Gàníyù ló gbà lọ. Ta ni ì bá tún lọ bá? Gàníyù ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun àti Fọláhàn ni wọ́n jọ gbé yàrá kan ní Agége kí wọ́n tó láya. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Nígbà tí Fọláhàn ń gbéyàwó, Gàníyù ló dúró tì í. Ṣọ́ọ̀bù bíńtín kan ló ní ní títì Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, nígbà tí ilé gbígbé ṣì pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ lójú títì náà.

Gàníyù ní àṣà kan. Gbogbo ọjà tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ jáde, á fi kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó ẹ̀ tọ́ ọ pupa létí, kí ẹlòmíràn má baà lọ gbé bàjẹ́-bàjẹ́ wá lọ́la pé Gàníyù ló tà á fóun.

"Èékánná Shukurat ò rí kútẹ́ẹ̀sì yìí lò rí," á máa rẹ́rìn-ín. "Ọjà mi ló ń ṣoge."

Mẹ́mòrì méjì ló tà fún Fọláhàn, mẹ́gábáìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ, bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá wà pọ̀, mẹ́rìndínlógún ló yẹ kí kọ̀ǹpútà kà. Ó tọ́ àwọn méjèèjì pupa, ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kí wọ́n gbẹ.

"Bó bá fún ẹ ní wàhálà, sáré ké sí mi o," ó ní.

"Wàhálà wo? Ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ni?" Fọláhàn dáhùn. Ọ̀gá ẹ̀ ti rán an lọ kọ́ọ̀sì nígbà kan, ojoojúmọ́ ló sì máa ń rántí.

Wàhálà dé lóòótọ́. Ó yọ kékeré tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ki méjèèjì bọ̀ ọ́, ó tan kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ń sá lójú ẹ̀, ó kà dé mẹ́jọ, ó dúró.

Fọláhàn pa á. Ó yọ wọ́n, ó fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu eyín wọn. Ó tún kì wọ́n bọ̀ ọ́. Mẹ́jọ. Ó yọ ọ̀kan, ó fi ìkejì nìkan sí ihò àkọ́kọ́. Mẹ́jọ. Ó yọ ìyẹn, ó fi ti àkọ́kọ́ síbẹ̀. Mẹ́jọ. Méjèèjì ló dáa nígbà náà! Ó tún kó wọn pọ̀, ọ̀kan ní ihò kìíní, ọ̀kan ní ìkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mẹ́jọ náà ni. Ti ihò kejì, kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kàwé yìí, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ ó ké sí Gàníyù, àbí? Fọláhàn ò ké sí i. Ojú ń tì í. Ẹni tó ní ṣé o fẹ́ kọ́ mi, báwo ló ṣe máa padà lọ ní kí wọ́n kọ́ òun?

Ó kúkú lọ sọ fún Olóyè pé ìkan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń rí nínú méjèèjì.

"Ṣé ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?" Olóyè bi í.

"Ó yá díẹ̀, sà."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ wèrè ẹ̀, a ó wá ẹni tó gbọ́n jù ẹ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fọláhàn wọ eegun. Ó dùn ún gan-an ni.

Ìbídùn ìyàwó ẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tiẹ̀ nítòsí ọjà Ọgbà. Ó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà àlòkù ló fi ń ṣe é. Obìnrin náà mọ iṣẹ́, kò ní ìmẹ́lẹ́ rárá, nǹkan èlò ẹ̀ ni ò dáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ńlá wọlé fún un, ìwé ìsìnkú ìyá àgbà kan, àwòrán kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti fi àwòrán kejì sí i, kọ̀ǹpútà á gan. Ìbídùn pa á, ó tún tàn án, kò rí i ṣe. Ó padà wálé, ó jókòó sórí àga láì tú gèlè.

"Wọ́n máa gba iṣẹ́ wọn padà, Bàbá Déolú," ó sọ fún ọkọ ẹ̀. "Bí wọ́n bá sì ti gbà á padà, gbogbo ọmọ ìjọ wọn á gbọ́ pé n ò lè ṣe é. Màá kúkú ti ṣọ́ọ̀bù náà pa ni."

Nǹkan kan wá ń rìn lọ́kàn Fọláhàn bí ìdun. Mẹ́mòrì kan ń bẹ níbi iṣẹ́ òun tó jókòó lásán. Kò ṣe Olóyè láǹfààní. Kọ̀ǹpútà gan-an ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ò rí nígbà tó wà, ta ló máa rí i pé kò sí mọ́?

Ohun tó ń kó ọmọ ènìyàn sí wàhálà nìyẹn. Kò ní òun fẹ́ jalè. Ó ní òun fẹ́ mú nǹkan tí ò wúlò.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó yọ ti ihò kejì, ó fi áńkáṣíìfù wé e, ó kì í sápò. Ó tan kọ̀ǹpútà padà. Mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó ń jáde lálẹ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kí i pé "Ó dàárọ̀ o, Ẹnjiníà," ó sì dá a lóhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ó ki mẹ́mòrì náà bọ inú kọ̀ǹpútà Ìbídùn. Áà! Kọ̀ǹpútà ń sáré. Àwòrán wọlé, òmíràn tẹ̀lé e, kò gan. Ìbídùn pariwo, ó dì mọ́ ọkọ ẹ̀ níṣojú oníbàárà.

"Níbo lẹ ti rí i?"

Ojú Fọláhàn bọ́ sára àmì pupa tó wà létí ẹ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ náà ti wá.

"Gàníyù ló yọ̀ǹda ẹ̀ fún wa," ó ní. "Ṣé o ò rí kútẹ́ẹ̀sì ẹ̀?"

Ẹ wo irú irọ́ tí ọmọ Yorùbá ń pa fún Yorùbá! Bó bá ní òun rà á, ọ̀rọ̀ ti tán. Bó bá ní òun he é lẹ́bàá títì, ó ti tán. Ṣùgbọ́n kéèyàn sọ fún obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ìyá ẹ̀ fi ìkúnlẹ̀ tọ́ dàgbà, pé ẹnì kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Iṣẹ́ lo bẹ̀ ẹ́ yẹn. Ó ní láti lọ dúpẹ́.

"Lọ́fẹ̀ẹ́? Nínú ọ̀wọ́n gógó yìí?" Ìbídùn fọwọ́ lu àyà. "Màá lọ kí Bọ̀dá Gàníyù lọ́la."

"Má lọ o. Mo ti bá ẹ dúpẹ́."

"Ẹ̀yin dúpẹ́ tiyín. Tèmi ńkọ́?"

"Kò fẹ́ kí Shukurat gbọ́ ni."

Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bùn wo ni ìyàwó ò gbọ́dọ̀ gbọ́ sí? Bàbá Déolú, ẹni a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí lólè ni?"

Fọláhàn sáré sọ pé Gàníyù ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pé kó jẹ́ kó dé ná. Ìbídùn gbà, ó ní òun á dúró. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán báyìí, á bèèrè pé, "Ṣé Bọ̀dá Gàníyù ti dé?" Ọkọ ẹ̀ á ní rárá. Fọláhàn ní láàárín àkókò yẹn, òun kì í mọ adùn ọbẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wá tún gan. Ìparí oṣù ló bọ́ sí, àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró de owó wọn, wọ́n ń kùn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Olóyè ò tún bá Fọláhàn sọ ọ́. Ó ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kan ní Òpèbí, Reuben lorúkọ ẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó wọ táì.

Reuben gbọ́ àlàyé, ó mi orí.

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Irú kọ̀ǹpútà yìí, bí mẹ́mòrì tẹ́ ẹ fi sí ihò kìíní bá jẹ́ olójú méjì, tó ń ṣiṣẹ́ níwájú àti lẹ́yìn, kò ní rí ihò kejì. Ṣe lẹ máa fo ìkejì, kẹ́ ẹ fi sí ìkẹta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tú u. Ó yọjú wo inú ẹ̀. Ó tún yọjú.

"Ìkan ṣoṣo ló wà níbí. Èkejì dà?"

Olóyè yí àga ẹ̀ padà sọ́dọ̀ Fọláhàn.

"Méjì ni mo sanwó ẹ̀. Dà?"

Òótọ́ wà níwájú Fọláhàn, irọ́ náà wà níbẹ̀. Ó ní ẹnu òun ti sọ̀rọ̀ kí orí òun tó gbọ́.

"Gàníyù tó tà á fún wa ló wá yọ ọ́, sà. Ó ní òun fẹ́ bá wa pààrọ̀ ẹ̀."

"Gàníyù wá síbí?"

Wọ́n pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni o, ẹnì kan tó ń jẹ́ Gàníyù wá lóòótọ́. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá fún Ẹnjiníà Fọláhàn lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi, ó sì lọ. Mọ́ínmọ́ín! Oore tí ọkùnrin náà ṣe ni wọ́n fi mú un.

"O ò wá lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?" Olóyè bi í.

"Òní-lọ́la ló ń fi mí ṣe, sà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèyọnu, màá ra òmíràn dípò."

Ojú Olóyè kéré sí i. "Kí ló dé tí ìwọ á fi san gbèsè olè? Àbí o lọ́wọ́ níbẹ̀?"

"Rárá, sà! Rárá o!"

"Ó dáa nígbà náà."

Ó gbé tẹlifóònù. Àbúrò ìyàwó ẹ̀ kan wà tó jẹ́ ọ̀gá sójà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ní sójà nínú ẹbí kì í wá ọlọ́pàá lọ. Kò pẹ́ tí jíìpù fi dúró lẹ́nu géètì, sójà méjì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí Fọláhàn wọ jíìpù kó wá fi ṣọ́ọ̀bù náà hàn àwọn.

Ẹ gbọ́ o. Ó wọ̀ ọ́. Ó jókòó sẹ́yìn jíìpù, ó ń júwe ọ̀nà fún wọn. Mo bi í pé gbogbo bí ẹ ṣe ń lọ yẹn, kò sí ibi tó o ti lè ní kí wọ́n dúró? Ó wolẹ̀. Ó ní òun rò pé wọ́n kàn máa dẹ́rù bà á ni, tó bá dalẹ́, òun á lọ bá a, òun á bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á tán láàárín ọ̀rẹ́ méjì.

Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀tìgbà, Gàníyù rí Fọláhàn tó ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú jíìpù. Inú ẹ̀ dùn. Ó gbé àga jáde.

"Fọlá, ọmọ dáadáa! Oníbàárà lo mú wá fún mi!"

Ìfọ́tí ni sójà àkọ́kọ́ fi dá a lóhùn.

Wọ́n wọ́ ọ lọ sí ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nínú oòrùn, kó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde wá ń wò. Sójà ń fi píjìn bú u pé kó gbé mẹ́mòrì Olóyè jáde.

"Mẹ́mòrì wo, sà? Méjì ni mo tà, méjì náà ni mo fún un! N ò mú nǹkan kan padà! Fọlá, sọ fún wọn o. Fọlá!"

Fọláhàn ń wo bàtà ara ẹ̀.

"Gàníyù," ó ní nígbà tó yá, "ṣáà dá a padà, kí wọ́n fi ẹ́ sílẹ̀."

Gàníyù wo ọ̀rẹ́ ẹ̀ títí, kò tún sọ pé Fọlá mọ́. Sójà kejì jù ú ní ìfọ́tí kan sí etí òsì, ó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ẹ̀jẹ̀ ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú etí náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìbídùn. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ti parí ìwé ìsìnkú, wọ́n ti fi iṣẹ́ míì kún un fún un. Ó di gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa sínú ọ̀rá, ó wé ẹja yíyan sínú bébà, ó kó wọn sínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní ọmọrí. Ó ní bí Bọ̀dá Gàníyù ò bá tíì ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, òun á fi í sílẹ̀ fún Shukurat, oúnjẹ kì í ṣe àṣírí.

Ó bá ṣọ́ọ̀bù Gàníyù ní títì. Shukurat jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

"Sójà ti gbé e lọ," ó ní. "Ilé-iṣẹ́ Bàbá Déolú ni wọ́n ní àwọn ń gbé e lọ. Wọ́n ní ó jalè."

"Bọ̀dá Gàníyù? Ó jí kí ni?"

"Wọn ò sọ fún wa. Ọkọ yín wà pẹ̀lú wọn."

Ẹ̀mí Ìbídùn balẹ̀ díẹ̀. Bí ọkọ òun bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ń bá a bẹ̀ wọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ obìnrin yàtọ̀. Ó gbé abọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ó wọkọ̀, ó kọrí sí ilé-iṣẹ́.

Ó wọ géètì, ó rí Gàníyù lórí ìkúnlẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Olóyè, ó gbé abọ́ gàrí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ forí jì í. Ẹ ṣi èèyàn mú ni. Ọkùnrin yìí ò lè jalè láéláé."

"Ìyàwó Fọláhàn, dìde ńbẹ̀," Olóyè ní. "O ò mọ ohun tó ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo mọ irú ẹni tó jẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ mi fẹ́ bàjẹ́, òun ló gbé mẹ́mòrì kọ̀ǹpútà fún ọkọ mi pé kó lọ fún mi. Lọ́fẹ̀ẹ́, sà! Kò gba kọ́bọ̀. Ṣé ẹni tó ń jalè á máa fi ọjà ara ẹ̀ tọrẹ? Gàrí tí mo gbé dání yìí, òun ni mo fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Olóyè kọ́kọ́ wo Fọláhàn.

"Mẹ́mòrì," Olóyè ní. Ó rọra sọ ọ́. "Báwo ló ṣe rí?"

Fọláhàn gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Ìyá Déolú, máa lọ sílé—"

"Mo ní báwo ló ṣe rí?"

"Ó rí pẹlẹbẹ, sà. Ó ní kútẹ́ẹ̀sì pupa létí, àmì Bọ̀dá Gàníyù nìyẹn."

Reuben wọ ọ́fíìsì, ó mú mẹ́mòrì kan ṣoṣo tó kù jáde, ó fi hàn án. Kútẹ́ẹ̀sì ń dán létí ẹ̀ nínú oòrùn.

"Òun ni," Ìbídùn ní, inú ẹ̀ dùn pé wọ́n ti yé ara wọn. "Irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Gàníyù ló sọ̀rọ̀, láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. "Ìyàwó wa, n ò fún yín ní nǹkan kan o. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà wò ó. Ó wo àwọn sójà. Ó wá wo ọkọ ẹ̀, ó sì wò ó títí ó fi yé e.

"Bàbá Déolú," ó ní, "ta wá ni mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Fọláhàn sọ fún mi pé ìfọ́tí tí sójà fún òun lẹ́yìn náà, òun ò gbọ́ ọ. Ìbéèrè yẹn lòun ń gbọ́.

Ìbídùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó gbé gbogbo kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá lórí ọ̀kadà, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ mẹ́mòrì. Reuben yọ ọ́ fún un. Ó gbé e sí ihò kẹta nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, ó tàn án. Nọ́ńbà sá títí, ó kọjá mẹ́jọ, ó dúró sí mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ tí ì bá ti tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí Fọláhàn bá lè ya ẹnu ẹ̀ sọ pé, "Gàníyù, kò yé mi o."

Olóyè ò bẹ Gàníyù. Irú wọn kì í bẹ ènìyàn. Ó ní kí wọ́n fún un lówó ọkọ̀. Gàníyù ò gbà á. Ó bọ́ síta géètì, ó ń fọwọ́ di etí, Ìbídùn ń sunkún tẹ̀lé e. Abọ́ gàrí yẹn wà níbi tó gbé e sí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Wọ́n lé Fọláhàn lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo Ìkẹjà gbọ́, kò rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe níbì kankan mọ́. Ọkọ̀ akólẹ̀ ẹnì kan ló ń wà báyìí.

Ìbídùn ò kọ̀ ọ́. Ì bá sàn bó bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń fọ aṣọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sọ "ẹ ṣé" fún un mọ́. Bí ọkọ ẹ̀ ra ìpápánu wálé, bó ra bàtà fún ọmọ, Ìbídùn á wo nǹkan náà lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, á ní, "Lọ́wọ́ ta lẹ ti gbà á?" Títí di òní.

Gàníyù ní tiẹ̀, ariwo ti bo orúkọ ẹ̀ ní Ọ̀tìgbà. Àwọn tó gbọ́ pé sójà mú un pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ pé wọ́n ṣì í mú lọ. Ta ló ń dúró gbọ́ ìyẹn? Àwọn oníbàárà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó kọjá. Ó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, òun àti Shukurat padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọdún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀ ni Fọláhàn tó lè gbójúgbóyà. Ó wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bá Gàníyù níwájú ilé bàbá ẹ̀, ó ń tún rédíò ṣe lórí tábìlì kan lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gàníyù gbójú sókè, ó rí i, ó fi ọwọ́ júwe bẹ́ǹṣì fún un. Kò bú u. Fọláhàn jókòó sí ọwọ́ òsì ẹ̀.

Gàníyù padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, ó tẹrí ba, rédíò mìíràn ń kọrin lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀.

Fọláhàn wá bẹ̀rẹ̀. Ó tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbéraga ọjọ́ àkọ́kọ́, áńkáṣíìfù tó fi wé e, irọ́ tó pa fún Ìbídùn, irọ́ tó pa fún Olóyè, bó ṣe jókòó nínú jíìpù tó ń júwe ọ̀nà. Ó ní, "Mo rí ẹ tó o gbé àga jáde, Gàníyù. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i." Omijé ń bọ́, kò nù ún. Ó ní kó dárí ji òun, nítorí Ọlọ́run, nítorí yàrá tí wọ́n jọ gbé ní Agége. Ó sọ ọ́ títí ó fi tán nínú ẹ̀.

Gàníyù ò dáhùn. Ó ń fi sukudiráfà yí ìdè kan.

Fọláhàn rò pé ìbínú ni. Ó gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó ń dúró.

Shukurat gbé omi tútù jáde wá fún un. Ó wo ojú ẹ̀ tó kún fún omijé, ó wo ibi tó jókòó sí.

"Ẹ̀gbẹ́ yìí lẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀?" ó ní. "Kì í gbọ́ níbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni. Ẹ bọ́ sí apá kejì."

Ó fọwọ́ kan ọkọ ẹ̀ léjìká, ó sì tọ́ka sí àlejò. Gàníyù gbé rédíò sílẹ̀. Ó yí ara padà pátápátá, ó na etí ọ̀tún sí i.

"Kí lo sọ, Fọlá?"

Fọláhàn la ẹnu. Ó sọ fún mi pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti lọ, kò kù kan lọ́fun òun, òun ò sì lágbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo ní o kú iṣẹ́ ni," ó ní.

"Oo, o ṣé," Gàníyù dá a lóhùn, ó sì padà sídìí rédíò ẹ̀.